Rọ́bà Inú Bọ́ọ̀lù Oṣù Kẹfà

Ọ̀bẹ ìgẹran tí wọ́n yá nílé oúnjẹ ìsàlẹ̀ ni Ọ̀gbẹ́ni Applegate fi la bọ́ọ̀lù náà sí méjì. Ọ̀dà wúrà tó wà lára rẹ̀ fọ́ wẹ́wẹ́ sórí tábìlì. Òwú tú síta, lẹ́yìn náà ni ohun dúdú kan yọ́ bọ́ láàárín òwú, ó já bọ́ sílẹ̀, ó ta padà sókè, ó lọ kọ lu ẹsẹ̀ àga, kò sì dúró títí ó fi dé ẹnu ọ̀nà. Gbogbo wa tí a wà nínú yàrá ẹgbẹ́ náà na ọrùn wò ó.

"Rọ́bà rèé," ni Ọ̀gbẹ́ni Applegate wí. "Òfin ní kí ó má tóbi ju asálà lọ. Èyí ju ẹyin adìyẹ lọ."

Èmi Ezra Colby ni mo ń kọ ìròyìn bésíbọ́ọ̀lù fún ìwé ìròyìn ìlú Wendham, n kò sì ní fepo bọyọ̀: lọ́dún yẹn, kò sí ikọ̀ kankan ní gbogbo Massachusetts tó tó ikọ̀ Ìbọ̀sẹ̀ Aró ìlú wa í dúró tì. Ikọ̀ Corliss nìkan ló ń mí sí wa lọ́rùn. Àwa pẹ̀lú wọn jọ wà ní ọgbọọgba, ìdíje ọ̀sán ọjọ́ náà gan-an ni yóò sì sọ ẹni tí yóò gbé àsíá lọ sílé. Ṣùgbọ́n ẹnì kan ti lọ sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ sétí àwọn Corliss pé kí wọ́n ní kí wọ́n la bọ́ọ̀lù oṣù kẹfà wò, bọ́ọ̀lù tí a fi nà wọ́n lórí pápá tiwa.

Ikọ̀ tó ni pápá ló máa ń mú bọ́ọ̀lù wá. Bọ́ọ̀lù kan náà ni wọn yóò lù láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ì báà ṣe pé ó ti wú tàbí ó ti dúdú bí ìsàlẹ̀ ìkòkò. Ẹni tó bá borí ló ni ín. Tiwa, a máa ń fi ọ̀dà wúrà kùn ún, a ó kọ iye tí a fi borí sára rẹ̀, a ó sì tò ó sínú àpótí onídígí, kí àwọn àlejò lè máa wò ó kí inú máa bí wọn. Nísinsìnyí, bọ́ọ̀lù tó yẹ kó jẹ́ ògo wa ti fẹ́ di ẹ̀sùn sí wa lọ́rùn. Bí wọ́n bá fagi lé ìborí oṣù kẹfà, Corliss yóò gbé àsíá láìbọ́ kóòtù.

"Ta ni kọ́kọ́rọ́ àpótí yìí wà lọ́wọ́ rẹ̀?" ni Ọ̀gbẹ́ni Applegate bi wá. Òun ni akọ̀wé àgbà fún gbogbo àwọn ikọ̀ tó ń fi bésíbọ́ọ̀lù jẹun, ohun tó bá sọ sì ni abẹ gé.

"Ọwọ́ mi ni, sà," ni Cornelius Tierney dáhùn. Tierney ni balógun ikọ̀ wa, òun náà ló sì ń hán bọ́ọ̀lù lẹ́yìn ẹni tó ń fi igi gbá a.

"Ṣé òmíràn wà?"

"Kò sí. Ẹyọ kan náà ni."

Applegate ní kó bọ́ wésíkóòtù rẹ̀. Ó yọ kọ́kọ́rọ́ kúrò nínú àpò kékeré tó wà níbi àyà rẹ̀, ó yí inú àpò náà síta. Ọ̀dà wúrà tuntun ti ta sí ìdí àpò náà lọ́hùn-ún, ó sì ń tàn sí wa lójú.

"Kí ni ọwọ́ rẹ ń wá nínú àpótí lọ́sẹ̀ yìí, Tierney, bí kì í bá ṣe pé o gbọ́ pé mò ń bọ̀, tí o fẹ́ bo nǹkan mọ́lẹ̀?"

"Mo fi ìyá mi búra, sà, n ò fọwọ́ kan àpótí yẹn."

"Jẹ́ kí ìyá rẹ sinmi. Bọ́ọ̀lù tiyín ni, kọ́kọ́rọ́ tìrẹ ni, àpò tìrẹ ni. N ó fagi lé ìborí yẹn. Ìwọ ní tìrẹ, o ò ní gbá bọ́ọ̀lù fún ikọ̀ kankan mọ́ títí tí o ó fi kú."

Tierney wo ọwọ́ ara rẹ̀. Ilé iṣẹ́ ìhunṣọ ló ti jáde wá sídìí bọ́ọ̀lù. Ó ní ìyàwó, ó ní ọmọ mẹ́rin, bọ́ọ̀lù sì ti ba ìka rẹ̀ jẹ́ débi pé kò lè so òwú tó já mọ́. Àánú rẹ̀ ṣe mí gan-an. Bí wọ́n bá lé e kúrò nídìí bésíbọ́ọ̀lù, kò sí ibi tó tún fẹ́ gbà.

Ibẹ̀ ni Barnabas Stroud ti wọlé, tó ń jẹ búrẹ́dì.

Stroud ni ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ìlú wa. Kí irùngbọ̀n mi tó hù, òun náà ti hán bọ́ọ̀lù rí, láyé ìgbà tí ọwọ́ lásán ni wọ́n fi ń hán an. Gbogbo ìka rẹ̀ ti wọ́, ọ̀kọ̀ọ̀kan kọjú síbi tó wù ú. Bó bá nàka sí olè, ọlọ́pàá mẹ́ta ló máa ń sáré lọ sọ́nà mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

"Ẹ káàárọ̀ o," ló wí. "Mo gbọ́ pé ẹ pa bọ́ọ̀lù kan."

"Ọ̀rọ̀ ti parí, Stroud," ni Applegate dáhùn.

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n kàn wo òkú rẹ̀." Ó gbé ìdajì bọ́ọ̀lù náà, ó yí i síwá sẹ́yìn, ó wá gbé wésíkóòtù. "Con," ló pe Tierney, "ti ọwọ́ rẹ bọ àpò yìí kí n rí i."

Tierney gbìyànjú. Oríkèé ìka rẹ̀ ti wú bí ata rodo, kò kọjá ẹnu àpò. Ó fi atọ́ka gbìyànjú, kò wọ̀. Ó fi ìka ọmọńdinrín gbìyànjú, èyí tí bọ́ọ̀lù ṣẹ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá, ojú rẹ̀ ló kàn yí padà nítorí ìrora.

"Báwo lo wá ṣe ń yọ kọ́kọ́rọ́?"

"Okùn wà lára rẹ̀, ẹ̀gbọ́n. Mo máa ń sọ ọ́ sínú rẹ̀ ni, bí mo bá fẹ́ ẹ, n ó fa okùn."

"Ọ̀dà yìí sì wà ní ìdí àpò," ni Stroud wí. "Ìka tó gún régé ló wọ ibẹ̀."

"Ìyẹn fi hàn pé ó rán ẹlòmíràn níṣẹ́ ni," ni Applegate wí.

"Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ẹ fún mi di aago méjì, sà. Ṣebí aago mẹ́ta ni ìdíje, Corliss kò sì ní sá lọ."

Applegate wo aago rẹ̀, ó mí kanlẹ̀, ó ní ó dáa. Stroud fa Tierney lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ó bi í léèrè ohun kan. Tierney fi ẹnu sí i létí, ó dá a lóhùn. Stroud gbójú sókè bí ẹni tí wọ́n fún lẹ́bùn, ó sì fi ìdajì bọ́ọ̀lù náà sápò.

*

"Mo ti mọ ẹni tó ṣe é," ni mo wí bí a ṣe dé ìta.

"Ẹ̀yin oníwèé ìròyìn! Ta ni?"

"Maddox ni. Òun ló ń kun bọ́ọ̀lù. Òun ló ni ọ̀dà wúrà. Ìka rẹ̀ sì gún bí abẹ́rẹ́."

"Ó dáa. Jẹ́ ká lọ mú un."

Orrin Maddox tó ń kọ pátákó ìsọ̀ ni à ń sọ. A bá a lórí àkàbà níwájú ilé apótíkárì kan tó ń ta oògùn eyín, ó ń ya eyín ńlá sára ògiri. Bó ṣe gbọ́ ohun tó gbé wa wá, díẹ̀ ló kù kó da ọ̀dà lé wa lórí.

"Èmi? Èmi tí mo ti fi ìgò bíà mẹ́fà ta tẹ́tẹ́ pẹ̀lú àna mi pé àwa la ó gbé àsíá? Ṣé orí mi ti dàrú ni?"

"A ò ní orí rẹ dàrú," ni Stroud wí. "Ọ̀dà wúrà rẹ ńkọ́, ibo lo fi sí lọ́sẹ̀ yìí?"

"Ó wà ní pápá. Mo ń kun pátákó tí wọn yóò kọ iye sí, nítorí ọjọ́ òní. Abẹ́ bẹ́ǹṣì àwọn agbábọ́ọ̀lù ni mo máa ń tì í sí bí mo bá ń lọ sílé."

"Ẹnikẹ́ni ló wá lè ki búrọ́ọ̀ṣì bọ̀ ọ́."

"Ẹni tó bá jókòó síbẹ̀ ni o. Ọlọ́pàá tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà pápá kì í jẹ́ kí àwọn ará ìta wọlé. Ó lé ìyàwó mi gan-an tó gbé oúnjẹ wá fún mi."

"Ṣé ọ̀dà rẹ máa ń pẹ́ kó tó gbẹ?"

"Bó o bá kùn ún lónìí, ó di ọ̀la kó tó ṣeé fọwọ́ kàn dáadáa. Ṣùgbọ́n èyí tí mo kùn lóṣù kẹfà ti gbẹ bí òkúta. Kò lè ta sí ẹnikẹ́ni lápò."

Stroud dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní kó fi kún gbòǹgbò eyín náà. Bí a ṣe ń lọ, mo ní, "A jẹ́ pé àwọn Corliss ni. Balógun wọn ti wà nílùú láti àná. Mo rí i nílé oúnjẹ ìsàlẹ̀ yàrá ẹgbẹ́, ó ń jẹ ẹ̀wà."

"Ẹ̀ṣẹ̀ ni láti jẹ ẹ̀wà?"

"Ìsàlẹ̀ yàrá tí àpótí wà ló ti ń jẹ ẹ́!"

"Ezra, ọ̀dà tó ta sí àpò Con ti gbẹ pátápátá láàárọ̀ yìí; ó ti wà níbẹ̀ kó tó di àná. Ọkùnrin yẹn ò tíì sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin nígbà náà. Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà. Ẹni tó ń wọ ìbọ̀sẹ̀ aró ni à ń wá."

Ọ̀rọ̀ yẹn bà mí nínú jẹ́. Mo mọ gbogbo àwọn ọmọkùnrin yẹn, mo ti jẹun lórí tábìlì wọn, mo sì ti kọ orúkọ wọn sínú ìwé ìròyìn tó bẹ́ẹ̀ tí atẹ̀wé fi sọ pé lẹ́tà tí òun fi ń to orúkọ wọn ti fẹ́ tán lọ́wọ́ òun.

*

Stroud padà sí yàrá ẹgbẹ́, ó kúnlẹ̀ níwájú àpótí onídígí. Àwọn bọ́ọ̀lù wúrà tò síbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ sáà ìdíje dé òpin rẹ̀, ti oṣù kẹrin lókè, ti oṣù kẹsàn-án nísàlẹ̀. Ó gbé àgbọ̀n lé etí pákó, ó ń fi àtàǹpàkò ra ara wọn lọ́kọ̀ọ̀kan bí obìnrin tó ń wá tòmátì tó le. Nígbà tó dé àárín, ó rẹ́rìn-ín. Ó yọ ìdajì bọ́ọ̀lù tó wà nínú àpò rẹ̀, ó fi ọ̀bẹ kékeré ha ọ̀dà ara rẹ̀ kúrò, ó wá ń wo ibi tí wọ́n ti fi abẹ́rẹ́ rán awọ.

"Kí lẹ rí?" ni mo bi í.

"Ohun tí gbogbo yín ti ń wò láti oṣù kẹrin. Wúrà ló ń ta yín lójú. Wá, fọwọ́ kan àwọn ti òkè yìí. Ọ̀nà wo ni ojú abẹ́rẹ́ wọn dagun sí?"

Mo fọwọ́ kàn wọ́n. "Òsì."

"Àwọn ti ìsàlẹ̀ ńkọ́?"

"Ọ̀tún."

"Èyí tí wọ́n là ńkọ́, tí wọ́n mú láàárín àwọn ti oṣù kẹfà?"

Mo wò ó. Ọ̀tún ló dagun sí. Mo mọ̀ pé nǹkan kan wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kí n má parọ́, n kò tíì mọ ohun tó jẹ́. Stroud kò sọ fún mi. Inú rẹ̀ ń dùn jù, bí inú rẹ̀ bá sì ti dùn báyìí, ẹ ò lè gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀.

*

Àwọn ọmọkùnrin wa ti wà ní pápá. Wọ́n ń ju bọ́ọ̀lù síra wọn, ṣùgbọ́n kò sí ariwo, kò sí yẹ̀yẹ́. Wésíkóòtù wọn so kọ́ lára ìṣó lẹ́yìn bẹ́ǹṣì. Stroud wo àwọn aṣọ náà, ó wo abẹ́ bẹ́ǹṣì tí agolo ọ̀dà Maddox ṣì wà.

"Bí wọ́n bá ń gbá bọ́ọ̀lù, ta ló máa ń ṣẹ́ kù síbí?" ló bi mí.

"Fenn nìkan." Willard Fenn ni adípò wa. Ọmọ Ohio ni, ajubọ́ọ̀lù tó mọ iṣẹ́ ni, ṣùgbọ́n láti oṣù kẹjọ tó ti dé, Tierney kò tíì jẹ́ kó jù ú nínú ìdíje kan. Lucius Pike ló ń ju bọ́ọ̀lù fún wa lójoojúmọ́, ẹni tó bá sì ń borí, wọn kì í pààrọ̀ rẹ̀.

Pike ni Stroud kọ́kọ́ pè. Ó dé pẹ̀lú apá ọ̀tún tó lẹ̀ mọ́ ìhà.

"Pike, ta ló rán bọ́ọ̀lù tí ẹ fi na Corliss lóṣù kẹfà?"

"Irú ìbéèrè wo nìyẹn? Bàbá Ansbach ni. Ta ni ì bá tún rán an?"

"Ṣé ó dá ẹ lójú?"

"Ẹ̀gbọ́n, àwa la gbé pósí bàbá yẹn lóṣù keje. Gbogbo wa la wọ ìbọ̀sẹ̀ aró lọ sí ibi ìsìnkú, inú ń bí àlùfáà, ìyàwó rẹ̀ sì ń sunkún ayọ̀. Ẹ bi ẹni tó wù yín."

Stroud bi wọ́n. Ohùn kan náà ni gbogbo wọn fọ̀, àwọn kan sì bọ́ fìlà nígbà tí wọ́n dárúkọ bàbá náà. Ẹni tó ń rán gàárì ẹṣin ni Ansbach, ará Jámánì, ọlọ́wọ́ òsì. Nígbà tó kú ni Pruitt ti ìlú òkè wá gba ìsọ̀ rẹ̀, tó sì ń bá wa rán bọ́ọ̀lù lọ.

Fenn ló dé gbẹ̀yìn. Ọmọkùnrin arẹwà ni, irun rẹ̀ ń dán, ìka rẹ̀ sì gún gbọọrọ.

"Ẹ káàsán, ọ̀gá."

"Káàsán, ọmọ mi. O ò sí níbí lóṣù kẹfà, àbí?"

"Ohio ni mo wà, sà. Ẹ̀rí mi ló dára jù nínú gbogbo wa."

"Òótọ́ ni. Ohun kékeré kan ni mo fẹ́ bi ẹ́. Bọ́ọ̀lù tí wọ́n là láàárọ̀ yìí, ta lo rò pé ó rán an?"

"Pruitt ni. Ṣebí òun ló ń rán gbogbo bọ́ọ̀lù ikọ̀ yìí?"

"Láti ìgbà wo?"

"Láti ìgbà tí ikọ̀ ti wà. Bó bá jẹ́ rọ́bà lẹ ń wá, Pruitt ni kí ẹ lọ bi. Bóyá Tierney ló ní kó fi sí i."

"O ṣeun, ọmọ mi," ni Stroud wí, ó sì yíjú sí mi. "Ezra, lọ pe Ọ̀gbẹ́ni Applegate wá. Sáré o, má rìn."

Mo sáré. Nígbà tí mo fi máa dé òpópónà, ọ̀rọ̀ náà ti yé mi, mo sì ń rẹ́rìn-ín lójú ọ̀nà bí ayírí.

*

Applegate dúró níwájú bẹ́ǹṣì, gbogbo ikọ̀ rọ̀gbà yí i ká. Stroud gbé ìdajì bọ́ọ̀lù lé e lọ́wọ́, ó sì gbé bọ́ọ̀lù wúrà méjì láti inú àpótí lé e.

"Ọlọ́wọ́ òsì ni Ansbach, sà. Gbogbo ohun tó bá rán, òsì ló ń dagun sí. Ó kú lóṣù keje. Pruitt tó rán èyí tí ẹ là, kò tíì fẹsẹ̀ tẹ ìlú yìí lóṣù kẹfà. Bọ́ọ̀lù yìí kọ́ ni wọ́n fi na Corliss. Ẹnì kan mú ojúlówó kúrò, ó ki rọ́bà ńlá sínú bọ́ọ̀lù Pruitt tó ti gbó, ó kùn ún ní wúrà, ó sì tò ó sí ipò èkejì."

Applegate yí àwọn bọ́ọ̀lù náà lọ́wọ́ fún ìgbà díẹ̀. "Àti ẹni náà?"

"Gbogbo àwọn tó wà níbí ló gbé pósí Ansbach. Kò sí ẹni tó lè gbàgbé débi tí yóò fi bọ́ọ̀lù Pruitt rọ́pò tirẹ̀. Ẹnì kan ṣoṣo ni kò sí níbi ìsìnkú. Ẹni náà ló ń jókòó ti àwọn wésíkóòtù yìí bí àwọn yòókù bá ń gbá bọ́ọ̀lù. Ẹ̀bá ẹsẹ̀ rẹ̀ ni agolo ọ̀dà sì wà."

Gbogbo ojú yí sí Fenn. Fenn rẹ́rìn-ín.

"Pé n ò mọ ẹni tó rán bọ́ọ̀lù, ìyẹn ló wá di olè jíjà? Ẹ wo ọwọ́ mi. Ṣé ẹ rí ọ̀dà níbẹ̀?"

Kò sí ọ̀dà níbẹ̀ lóòótọ́. Ó ti fi kẹrosíìnì fọ̀ ọ́, èékánná rẹ̀ mọ́ ju tèmi lọ. Applegate mi orí.

"Stroud, o ti fi hàn mí pé wọ́n pààrọ̀ bọ́ọ̀lù. Ṣùgbọ́n n kò lè fi èrò lásán dá ọmọ yìí lẹ́bi. Bí kò bá sí ẹni tí mo lè mú, ọ̀dọ̀ ẹni tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni ẹrù náà wà."

Stroud kò tilẹ̀ bá a jiyàn. Ó yíjú sí Tierney.

"Con, sọ ohun tí o sọ sí mi létí láàárọ̀ yìí. Sọ ọ́ sókè."

Tierney kọ́kọ́ wo Pike, Pike sì mi orí pé kó sọ ọ́.

"Apá Pike ti kú láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun," ni Tierney wí. "Kò lè gbé e kọjá èjìká. A ò sọ fún ẹnikẹ́ni, kí Corliss má baà gbọ́. Fenn ni mo fi sí i láti ju bọ́ọ̀lù lónìí."

Ẹ̀rín kúrò lójú Fenn. "Irọ́ ni."

"Kì í ṣe irọ́."

"Láti ìgbà tí mo ti dé, o ò fún mi ní ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo! Ẹ̀ẹ̀kan! Bí ẹni pé igi ni mo jẹ́ lórí bẹ́ǹṣì yìí!"

"Mo mọ̀. Òní ni mo fẹ́ fún ẹ. Lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán ni mo fẹ́ sọ fún ẹ, torí bí mo bá sọ ọ́ láàárọ̀, o ò ní lè jẹun."

Pike gbìyànjú láti gbé apá ọ̀tún rẹ̀ sókè kí gbogbo ènìyàn rí i. Kò dé àyà rẹ̀ tó fi já padà sílẹ̀. Fenn wò ó, ó tún wo Tierney, ó wá jókòó sórí bẹ́ǹṣì.

"Ẹ ò ṣe sọ fún mi?" ló wí. "Con, o ò ṣe sọ fún mi?"

Ó bẹ̀rẹ̀, ó ń bọ́ ìbọ̀sẹ̀ aró ẹsẹ̀ rẹ̀.

"Corliss ní tí mo bá lè ṣe é, èmi ni n ó máa ju bọ́ọ̀lù fún wọn lọ́dún tó ń bọ̀, lójoojúmọ́. Bọ́ọ̀lù ti Ansbach yín wà nínú adágún tó wà lẹ́yìn ilé iṣẹ́ ìhunṣọ. Mo sọ ọ́ sínú rẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ lọ sí òkè odò láti lọ wẹ̀, tí ẹ kò pè mí."

Irọ́ lè rin ìrìn ogún ọdún, òtítọ́ ọjọ́ kan ni yóò bá a. Ti Fenn kò tilẹ̀ lò tó ọ̀sẹ̀ kan. Ó yẹ kí n yọ̀, mo sì yọ̀, ṣùgbọ́n n kò lè wo ojú ọmọ náà.

Applegate kò fi àkókò ṣòfò. Ó ní ìborí oṣù kẹfà dúró, ìdíje yóò bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́ta, kí Tierney gba wésíkóòtù rẹ̀, kí ó sì má bínú. Ó ní kí wọ́n fi Fenn sínú ọkọ̀ ojú irin tó bá kọ́kọ́ kúrò ní Wendham, nítorí kò ní gbá bọ́ọ̀lù fún ẹnikẹ́ni mọ́ láéláé. Ó ní ọ̀rọ̀ ṣì kù láàárín òun àti àwọn Corliss, ṣùgbọ́n ìyẹn di ọ̀la.

"Pike," ni Tierney wí, "ṣé apá yẹn á gbé wa?"

"Bí n kò bá lè jù ú láti òkè, n ó jù ú láti ìsàlẹ̀, bí àwọn bàbá wa ṣe ń jù ú. Ìwọ sáà hán an."

*

Èmi àti Stroud la mú Fenn lọ sí ibùdókọ̀. Ọkọ̀ pẹ́. A jókòó sórí pákó, Fenn láàárín wa, àpò aṣọ rẹ̀ lórí itan. Stroud ra páì ápù, ó pín in sí mẹ́ta, ó fún un ní tirẹ̀. Kò fọwọ́ kàn án.

Pápá kò jìnnà síbẹ̀. Ìdíje ti bẹ̀rẹ̀, gbogbo ìlú ló wà níbẹ̀, kò sí ẹ̀dá kankan lójú pópó. Fún ìgbà pípẹ́, a kò gbọ́ nǹkan kan. Mo ń jẹ èékánná mi. Stroud ń jẹ páì.

Nígbà tó yá, ariwo kan sọ lórí òrùlé àwọn ilé. Ó ga, ó tún ga sí i, àwọn ẹyẹlé tó wà lórí ibùdókọ̀ fò lọ.

Fenn dìde dúró. "Ta ló borí? Ta ló borí?"

"Àwa ni," ni Stroud wí. "Bó bá jẹ́ Corliss ló borí, ìlú ì bá dákẹ́ rọ́rọ́."

"Ẹ̀hẹ́n!" ni Fenn kígbe, ó sì na ọwọ́ méjèèjì sókè. Àpò aṣọ rẹ̀ ṣubú, ìbọ̀sẹ̀ aró rẹ̀ tú jáde sórí pákó ibùdókọ̀.

Lẹ́yìn náà ló tó rántí. Ó sọ ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀, ó sì ń ṣa aṣọ rẹ̀ padà sínú àpò.